Òkè Yìnyín Nínú Pálọ̀ Alhaji

Orí àtẹ̀gùn onírin ni ọkùnrin náà wà, ó fi eyín di okùn ìwọ̀n mú, gọ́ọ̀mù gbígbẹ kún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni Zulaihat ṣe bá a nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá nígbà tó ti ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà dé. Fọ́tò ìyá rẹ̀ olóògbé wà nílẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ sọ ìyá mi kalẹ̀?"

Ọkùnrin náà yára yọ okùn lẹ́nu. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Alhaji ló ní kí n sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Mo ti tẹ́ nǹkan sábẹ́ wọn."

Lóòótọ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó yẹ kó wọ̀ relé ló tẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn náà tún bí Zulaihat nínú.

Abdulsobur ni orúkọ rẹ̀. Ìgàndó ló ti ń tẹ àwòrán ńlá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Alhaji Abdulganiyy ní kó sọ fọ́tò kan di ńlá: Sàlàkọ́, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó wọ kóòtù òtútù ńlá, tó dúró níwájú àwọn òkè Swítsàlandì. Yìnyín bo orí àwọn òkè náà, màlúù ń jẹko nísàlẹ̀, àwọn ilé onípákó tí àwọn olówó ti ń lo ìsinmi sì tò lọ rẹrẹ. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ń pe Zulaihat ní ìyàwó Sàlàkọ́. Ohùn Sàlàkọ́ nìkan ló ń gbọ́ lórí fóònù. Sàlàkọ́ ní Swítsàlandì lòun ń gbé, pé kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì lórí fóònù. Ẹnikẹ́ni ò bi Zulaihat bóyá ó fẹ́.

"Ṣé òtútù ibẹ̀ ò ní pa yín, Àǹtí?" ni Abdulsobur bi í.

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń lọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, lílẹ̀ ni wọ́n ní kí n lẹ òkè yìí. Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ gùn ún."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Zulaihat kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ògiri náà ń rin, àwòrán ò lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Abdulsobur wá tún un ṣe. Nígbà tó fi máa gbẹ, "Àǹtí" ti di "Zulai", ọmọbìnrin náà sì ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abdulsobur dúró dè é lẹ́nu géètì ilé-ìwé, pẹ̀lú bébà tó ká lọ́wọ́. Ó tú u. Nígbà tí wọ́n sọ fọ́tò náà di ńlá, ìlà tín-ín-rín kan hàn láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí bébà méjì ti pàdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ màlúù, sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà.

"Iwájú ògiri tí wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ni Sàlàkọ́ dúró sí, Zulai. Irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni."

Zulaihat fajú ro. "Ìgbà wo lo ti rí i?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò pé wàá sọ pé ìlara ló ń ṣe mí."

"Ọ̀sẹ̀ méjì! O jókòó, ò ń bá mi ṣàwàdà, o sì mọ̀! Kí wá ni ìyàtọ̀ ìwọ àti òun?"

Ó já bébà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ti pe Sàlàkọ́. "Fóònù ta lo ò lè yá? Jẹ́ kí n rí ojú rẹ báyìí, kí n sì rí òkè yẹn lójú fèrèsé."

Kí Sàlàkọ́ tó fọhùn, ohùn kọ̀ndọ́ ọkọ̀ Èkó kan dún ketekete lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pe èrò: "Àgbàdo! Àgbàdo wọlé!" Fóònù já. Kò sì wọlé mọ́.

Nígbà tí Alhaji gbọ́, Abdulsobur ló kọ́kọ́ bú. "Olójú kòkòrò! Kò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́!"

"Bàbá, ṣé òun ló purọ́ fún yín?" Zulaihat tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀. "Ọdún méjì! Ẹ ò bi mí, ẹ ò sì bi ẹnikẹ́ni. Àwòrán lẹ fẹ́ fi mí fún!"

Alhaji ṣí fìlà, ó fi bo ojú.

Oṣù kan gbáko ni Zulaihat ò fi gbé ìpè Abdulsobur. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Abdulsobur wọlé tọ Alhaji wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní Zulaihat lòun fẹ́.

"Àwòrán wo nìwọ náà mú wá?"

"Mi ò mú ọ̀kan wá, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo ibi tí mò ń gbé."

Àwọn mẹ́ta jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgàndó. Zulaihat kọjú síta títí wọ́n fi débẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì. Alhaji jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó kéré."

"Ó kéré, sà."

"Ó ń jò?"

"Ní igun yẹn, sà, tí òjò bá pọ̀."

Alhaji dìde. "Kí àwọn òbí rẹ wá rí mi, bí ọmọ mi bá gbà." Ó bọ́ síta.

Zulaihat dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀."

"Ohunkóhun tó bá kàn mí ńkọ́?"

"Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, olólùfẹ́ mi."

"Kódà tó bá máa dùn mí?"

"Kódà tó bá máa mú kí o lé mi."

Zulaihat wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ bàtà, ó jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Omi dà? Láti àárọ̀ ni òùngbẹ ti ń gbẹ mí, jàre."