Ẹni Tó Ń Pín Ẹja

Nígbà tí katapílà ń hú ilẹ̀ láti mú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ fẹ̀ sí i, Bàbá Odùbánjọ ṣì wà láyé. Àníọlá ìyàwó rẹ̀ ṣì wà. Kùdírátù ọmọ wọn náà wà, ó ń yan ẹja létí ọ̀sà lẹ́yìn Ajah, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ délé.

Ìdí ẹja ni Fọláránmi bá a. Ilé ìwádìí kan ní Oniru ló ti gbé àpótí oníyìnyín wá. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti wá àjẹsára fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun, táífọ́ọ̀dù, òun sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé wò.

“Ẹja là ń tà níbí, ọ̀gá,” ni Kùdírátù wí. “A kì í ta ẹ̀jẹ̀.”

“Mi ò ní rà á. Ẹ ó fi ta mí lọ́rẹ ni.”

“Ọ̀fẹ́ tún ni.”

Fọláránmi rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹja kan lórí ìdúró. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, kò gbé àpótí dání. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún méjì ni Bàbá fi kọ̀. Ó ní ọmọ ìmàle kì í fẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, áḿbọ̀ǹtórí ẹni tó ń sin kòkòrò àrùn nínú ìgò bí ẹni ń sin adìyẹ. Fọláránmi kò jiyàn. Ó ní ibà náà ló pa àbúrò òun obìnrin lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, látìgbà náà lòun ò ti gbójú kúrò lára kòkòrò yẹn. Bàbá wò ó títí, ó ní kó jókòó, kó jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n mú ọjọ́ ìdána.

Àjẹsára ti délẹ̀ nígbà yẹn, ó ku kí wọ́n dán an wò. Fọláránmi kó abúlé jọ, ó là á yé wọn: ìdajì yóò gba ti táífọ́ọ̀dù, ìdajì yóò gba ti àrùn yírùnyírùn tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, tí kò lè dènà táífọ́ọ̀dù, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Òun gan-an kò mọ èyí tó kan ẹnikẹ́ni. Ìwé tó sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ wà ní Oniru, nínú àpótí irin Adéjọkẹ́ ọ̀gá òun. Kí kálukú ṣì máa se omi mu.

Wọ́n ń wojú ara wọn. Kùdírátù ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ. Torí tirẹ̀ ni àwọn yòókù fi tò.

Àṣìṣe ibẹ̀ rèé. Lábúlé wọn, ẹni tó ń pín ẹja gbọ́dọ̀ yọ orí ẹja sọ́tọ̀ fún ará ilé rẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, wọ́n á ní kò fẹ́ràn wọn. Kùdírátù ò gbà pé Fọláránmi yóò jẹ́ kí nọ́ńbà lásán yan abẹ́rẹ́ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

“Kúdí mi, mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Mo ti gbọ́, olówó orí mi,” ó sì ṣẹ́jú sí i.

Látọjọ́ náà ló ti ń mu omi kànga láìsè é.

Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, Fọláránmi wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kùdírátù bẹ ìyá rẹ̀ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni; ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ ló dùbúlẹ̀, iṣẹ́ Fọláránmi bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ kejìlá Fọláránmi dé, ó bá ikùn rẹ̀ tó le bí pákó, ó sì gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ìfun ti lu. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Fọláránmi lọ bá Adéjọkẹ́, wọ́n ṣí àpótí irin. Ìgbà tó padà dé, Kùdírátù ṣì ń mí.

“Fọlá, èwo ló kàn mí?”

Kò lè purọ́ fún un. “Ti yírùnyírùn ni.”

“Iṣẹ́ ẹ ò bàjẹ́ nìyẹn. Sọ fún wọn lábúlé.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Bàbá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo pín in?” ló bi Fọláránmi.

“Èmi kọ́, Bàbá. Nọ́ńbà ni.”

“Ìbá jẹ́ pé ìwọ lo pín in, orí ẹja ì bá kàn án.”

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Kí wọ́n tó pe ìrun Àṣárì, Kùdírátù ti lọ. Ọjọ́ kejì ló yẹ kí ìdána wáyé.