Lẹ́tà Wẹ́wẹ́ Lára Ìgò Oògùn

"Jẹ́ kó wẹ́ dáadáa," ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún un, ó ń yọjú wo ẹnu ọ̀nà. "Kí gbogbo Bàólọ́jì gba inú àtẹ́lẹwọ́."

"Tí o bá tún dá mi lóró, màá tẹ̀ ẹ́ gbàgbà kí olùkọ́ lè bá ọ kà á."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni wọ́n wà, níbi tí àǹtí ọmọbìnrin náà ti ń tẹ bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò. Àǹtí yìí ló kọ́ ọ bí a ṣe ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Bí àmì tí wọ́n ń pè ní ẹsikéèpù bá ṣáájú, ẹ̀rọ náà kò ní tẹ ohun tó tẹ̀ lé e sórí bébà. Àṣẹ ni yóò kà á sí. Àṣẹ kan á mú kí lẹ́tà ki, òmíràn á mú kó wẹ́. Bí o bá sì ní kó tẹ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ ni yóò máa tẹ̀ títí wàá fi pàṣẹ pé kó padà sípò.

Ó fi àṣẹ ránṣẹ́. Ìdáhùn ìdánwò ń jáde bí ẹsẹ̀ èèrà. Bó ṣe ń parí ni wọ́n gbọ́ ohùn àǹtí lẹ́yìnkùlé. Ó já bébà náà, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní tiẹ̀, ó ki tirẹ̀ bọ àpò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà kò ráyè pàṣẹ kí ẹ̀rọ padà sípò.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú kọ̀ǹpútà ni àǹtí ń wò, lẹ́tà ibẹ̀ sì hàn kedere. Ó kàn ń lẹ bébà mọ́ ìgò ni, láìwo bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe kéré tó.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó kápẹ́ńtà àgbà kan wọlé pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ síbí? Bàbá ò rí i kà. Wọ́n lo odindi hóró méjì, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀."

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbé ìgò náà súnmọ́ ojú. "Ìdajì hóró ni, mà." Ó yíjú sí àǹtí. "Ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ kó ẹrù yín."

Àǹtí ò jiyàn. "Mi ò wò ó, sà. Ẹ̀bi mi ni."

Ọmọbìnrin náà wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń gbọ́. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ilé ìwé á gbọ́. Ó gbàdúrà kúkúrú nínú ọkàn rẹ̀, ó sì gbé bébà àpò rẹ̀ sórí káńtà.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ tẹ wẹ́wẹ́, torí èyí."

Ọ̀gá kà á títí. "Àǹtí rẹ ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n màá pe ọ̀gá ilé ìwé yín. Àwọn ìgò àná yòókù ńkọ́?"

Gbogbo ọ̀sán náà ni òun àti àǹtí fi ń kanlẹ̀kùn káàkiri, tí wọ́n ń pààrọ̀ bébà ara ìgò. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà ni wọ́n parí sí. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ìgbọ̀nwọ́ bàbá náà.

"Ṣé ìwọ lo ń kọ̀wé sí èèrà?" bàbá béèrè. Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Ó dáa, kà á fún mi."

"Ìdajì hóró, láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ."

"Tún un kà, kó wọ̀ mí létí."

Ó tún un kà. Bàbá gbé ọwọ́ tó dá ṣáṣá lé e lórí. "Ọlọ́run á dárí jì ẹ́, ọmọ mi. Èmi ti dárí jì ẹ́."

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò dé, ohun tí ọmọbìnrin náà mọ̀ nìkan ló kọ. Máàkì rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a bá ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ó lè jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀, tí a kò rí rí, ni yóò jìyà rẹ̀. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀bi yín. Ẹ sọ òtítọ́, kí ẹ sì lọ tún un ṣe.