Orúnkún Monílọ́lá

Ọmọbìnrin kan fò sókè lórí pápá kọ́ńkéré kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú Oǹdó, ó da bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni da gààrí sínú abọ́, ó sì padà wálẹ̀ láìwo ibi tí bọ́ọ̀lù náà gbà. Akínwùmí, tó wá láti Àkúrẹ́ láti ya fọ́tò tíìmù wọn, gbàgbé kámẹ́rà sọ́wọ́. Kò tíì rí ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí, tó mọ̀ pé òun ga, tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀.

Nígbà tó fọ fíìmù náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba, ojú tì í. Gbogbo àwọn yòókù ló pé tòun ti eyín. Ọmọ gíga yẹn nìkan ló parí sí ọrùn. Ẹlòmíràn ì bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí tún wọkọ̀ padà sí Oǹdó, láyé ìgbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, ó lọ bẹ̀ ẹ́.

"Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi gé mi lórí?" Monílọ́lá bi í.

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n tún un yà."

"Ẹ sún sẹ́yìn dáadáa lọ́tẹ̀ yìí o. Èmi kì í ṣe ènìyàn kékeré."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láìpẹ́, Akínwùmí ń wá sí Oǹdó pẹ̀lú fíìmù, ó sì ń wá láìsí fíìmù. Orí rẹ̀ kò ju etí Monílọ́lá lọ, kò sì jọ pé ó ká a lára. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọmọ náà ń pè é ní Òpó Nẹ́pà. Akínwùmí ń pè é ní Adúmáadán, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ráhùn.

Àsìkò náà le. Bàbá Monílọ́lá, Tíṣà Májẹ́kódùnmí, ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí owó oṣù gbà. Ọmọ náà ti ń di ẹrù rẹ̀ láti fi ilé ìwé sílẹ̀ kí Kóòṣì Ọláwuyì tó sọ fún un pé àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ fẹ́ ṣàyàn àwọn agbábọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́. Ẹni tí wọ́n bá mú, ìjọba ni yóò máa san owó ilé ìwé rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le, wọn kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àṣàyàn náà gan-an ni Monílọ́lá ṣubú lórí kọ́ńkéré. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú. Tó bá fi báńdéèjì dì í pinpin, ó lè fi sáré. Ohun tí kò lè fi ṣe ni kó fi kan ilẹ̀. Ó pa á mọ́ra, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Akínwùmí mú un lọ kí ìyá rẹ̀. Opó ni ìyá yìí, táípíìsì ni ní sẹkitéríàtì ní Alágbàká, kò sì ní ju Akínwùmí lọ. Ó ti gún iyán sílẹ̀. Monílọ́lá rọra tẹrí kí ó má baà gbá àtẹ́rígbà, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ kú ilé, mà. Ìyá náà dúró, ó ń retí kí orúnkún kan ilẹ̀. Kò kàn án. Iyán tutù sórí tábìlì.

Lẹ́yìn tí àlejò lọ, ìyá náà kò pariwo. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ariwo lọ.

"Akínwùmí, ọmọ yìí ò níí wọ ulé mi," ó ní. "Ó ga, mo gbà, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Àìkúnlẹ̀ yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe é."

Akínwùmí sáré bá Monílọ́lá ní gáréèjì, inú ń bí i. Ọmọ náà gbé etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀, Akínwùmí sì rí orúnkún náà.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún màámi?"

"Alágbàká ni màmá ẹ ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó jáde níbi iṣẹ́ lọ́la, gbogbo sẹkitéríàtì á ti gbọ́, àwọn aláṣẹ eré ìdárayá tó wà níbẹ̀ á sì yọ mí kí n tó dé pápá. Búra fún mi pé o ò ní sọ."

"Ṣé kí wọ́n kórìíra ẹ ló dáa?"

"Wọ́n lè kórìíra mi lónìí, kí wọ́n fẹ́ràn mi lọ́la. Ilé ìwé tí mo bá ti fi sílẹ̀, mi ò ní rí i padà."

Akínwùmí búra. Ẹ̀jẹ́ náà ṣòro fún un, nítorí ojoojúmọ́ ni ìyá rẹ̀ ń fi ọmọ yẹn ṣe ọ̀rọ̀ sọ, tí òun sì ń gbé oúnjẹ mì láìfèsì. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí ìyá òun wá wo Monílọ́lá ní pápá lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyá náà ní òun á lọ, kí òun lè mọ ohun tí òun kọ̀.

Ní Sátidé, ọjọ́ àṣàyàn náà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kọ́ńkéré láàárín èrò, ó ká apá rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ti fi àbóníkì pa orúnkún tirẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà tí àgbà ti ń dé. Ó wo Monílọ́lá bó ṣe ń gba bọ́ọ̀lù lórí àwọn ènìyàn, bó ṣe ń fi ojú pe àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, ọmọ ta nìyí? Apá tí ìyá Akínwùmí ká mọ́ àyà ti ń tú. Nígbà tí Monílọ́lá tún ṣubú, òun ló kọ́kọ́ dìde. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ kan tọ lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sẹ́nu eré, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n mú lójú ẹsẹ̀. Tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣíwájú.

Kò dúró yọ̀ pẹ̀lú àwọn tó kù. Ó mú ọ̀nà àtẹ̀gùn pọ̀n, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá Akínwùmí. Ìyá náà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹsẹ̀ kan á kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn, á fa èkejì bá a, wọn á jọ sinmi. Bí òun náà ṣe máa ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì nìyẹn. Bí ọmọ náà ṣe dé iwájú rẹ̀, òórùn àbóníkì tún gbòde, kì í sì í ṣe láti ara tirẹ̀ nìkan. Monílọ́lá ti di irin ìdìmú mú, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti kúnlẹ̀, ó ń fún eyín pọ̀.

Ìyá náà gbá a lápá mú. "Má kúnlẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kí yín bó ṣe yẹ, mà."

"Mo ní o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó wá sílé yín, mà."

"O wá dákẹ́, o jẹ́ kí n máa bú ẹ?"

Monílọ́lá wolẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ wà ní Alágbàká, mà."

Ó yé ìyá náà. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀lé e. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó ti gun àtẹ̀gùn wá bá wọn, ó bi í bóyá òun náà mọ̀. Akínwùmí ní òun ti búra. Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀.

"O tó ọkọ ṣe," ó ní.

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún bèèrè pé ọmọ ta ni.

"Ìyàwó mi ni," ni ìyá Akínwùmí wí, ketekete. "Monílọ́lá, dúró gangan. Jẹ́ kí wọ́n rí ẹ."

Akínwùmí sọ̀ kalẹ̀ sórí pápá pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó tún sún sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan òpó apẹ̀rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò yẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Tíṣà Májẹ́kódùnmí ní Oǹdó, pẹ̀lú iṣẹ́ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà rẹ̀, àwọn sì ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Ẹ̀dà fọ́tò náà kan wà lára ògiri ilé wọn ní Àkúrẹ́ títí dòní. Nínú rẹ̀, ìyá Akínwùmí kò ju èjìká Monílọ́lá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ á rò pé òun ló ga jù.