Ẹni Tó Yin Orin ní Kaboua

Tẹlifóònù orí tábìlì ilé iṣẹ́ rédíò kò dún. Moyọ̀sọ́rẹ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ìkòkò tó kọ̀ tí kò hó. Orin ti ń lọ lórí rédíò, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ tó pè láti sọ pé orin náà dùn, tàbí pé kò dùn pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú orin tó jẹ́, nítorí kì í ṣe irú èyí tí à ń jó sí níbí. Orin jáàsì ni, orin àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan. Ọ̀kan ń tẹ piáánò, ọ̀kan dúró ti gìtá ńlá kan tó ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀kẹta jókòó sídìí ìlù, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀pá lù ú, ìgbálẹ̀ kékeré onírin ló fi ń gbá a lójú. Kò sí ẹni tó ya ẹnu kọrin nínú wọn. Gbọ̀ngàn kan lókè òkun ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí wọn kò tíì bí àwọn òbí wa, wọ́n sì gba ohùn àwọn tó wà níjòókòó mọ́ ọn. Bí o bá tẹ́tí dáadáa, wàá gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́, wàá sì gbọ́ tí ẹlòmíràn ní "hẹ̀n-ẹ́n" bí ẹni tí wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún.

Mésié Pierre ló ni àwo orin náà. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Láti Pọbẹ̀ ni ìjọba ti gbé e wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, kò sì padà mọ́. Òun àti Agnès ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń gbọ́ orin yìí. Láti ìgbà tí Agnès ti kú, òun nìkan ló ń gbọ́ ọ, títí Moyọ̀sọ́rẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ Faransé lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ìdánwò BEPC. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà rò pé ariwo lásán ni. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ bàbá.

"Mésié, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí gìtá ńlá yẹn ti dá wà, ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́."

Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ náà ni Agnès fẹ́ràn. Ṣé o rí àwọn méjì yòókù? Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, agbára wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ fún un. Ìyẹn ni mo fi ń pè wọ́n ní àgbà."

Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi bẹ bàbá kí ó yá òun ní orin náà fún rédíò. Òun àti Souleymane, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló ń ṣe ètò àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí kò sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n Tàǹtí Aurélie, ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò, ti kìlọ̀ fún wọn pé ètò tí ẹnikẹ́ni kì í pè sí, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá tún lọ bẹ́ẹ̀, òun á gbé àkókò wọn fún ẹlòmíràn.

Ètò náà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ń dun Moyọ̀sọ́rẹ, àmọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni Mésié Pierre. Ó mọ̀ pé bàbá jókòó ti rédíò nílé, pé ó ń retí kí ẹnìkan sọ nǹkan kan nípa ohun tí òun àti ìyàwó òun fi ayé wọn fẹ́ràn.

Souleymane nawọ́ kan èjìká rẹ̀. Ẹ̀bùn ọmọkùnrin yìí ni pé kò sí àgbàlagbà tí kò lè sín jẹ.

"Jẹ́ kí n bọ́ sẹ́yìn ilé, kí n pè," ó ní. "Màá di bàbá àgbẹ̀ kan fún ọ."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ wo? Ṣé orin náà ò dùn ni? Ìwọ náà lo sọ pé ó dùn. Ẹnu ẹlòmíràn la kàn fẹ́ fi sọ ọ́."

Moyọ̀sọ́rẹ wo tẹlifóònù. Kò ní kó lọ, kò sì ní kó má lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, "máa lọ" ni.

Kò pẹ́ tí tẹlifóònù fi dún. Ohùn arúgbó kan gba orí rédíò, ó ń gbọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Èmi Bàbá Tolúlàṣẹ ni, láti Kaboua. Oko iṣu ni mo wà, mo ń kọ ebè, kí n tó gbọ́ orin yìí. Mo sọ ọkọ́ kalẹ̀. N ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí ebè. Ẹ bá mi kí ẹni tó ni orin náà. Ẹ ní ó ṣe mí lóore."

Tàǹtí Aurélie yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ètò kò bọ́ mọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì di ẹnu wọn mú kí ẹ̀rín má bàa bọ́ sórí rédíò.

Ohun tí wọ́n gbàgbé nìyí, ó sì yẹ kí ojú tì wọ́n pé wọ́n gbàgbé rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ẹni tó ṣe ọ́ lóore lánàá, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, o ní láti lọ kí i ní "ẹ kú àná". Bí ilé rẹ̀ jìnnà, o ní láti rin ìrìn náà. Ọmọdé lè gbàgbé, àgbà kì í gbàgbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Moyọ̀sọ́rẹ gba ilé Mésié Pierre kọjá nígbà tó ń lọ sí ilé-ìwé. Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ bùbá funfun tí kì í wọ̀ bí kò ṣe ọjọ́ Àìkú, ó dé fìlà, iṣu kún inú àpò kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Sémijàn kan, ọlọ́kadà tó máa ń gbé èrò, ti tan alùpùpù rẹ̀.

"Mésié, ẹ káàárọ̀. Níbo lẹ ń lọ?"

"Kaboua ni. Mo fẹ́ lọ kí Bàbá Tolúlàṣẹ." Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé. "Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Ó ní òun sọ ọkọ́ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí Agnès ti lọ, n ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ orin yìí bẹ́ẹ̀."

Moyọ̀sọ́rẹ kò lè jẹ́wọ́. Ó wo òkúta àwọn òkè wa, òjò ti ṣú bò wọ́n.

"Òjò fẹ́ rọ̀, Mésié. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ìdí ni mo máa fi jókòó lórí alùpùpù, kì í ṣe orúnkún. Òjò ò ní ká má kí ènìyàn."

Ó gun alùpùpù pẹ̀lú ìnira, ó gbé àpò iṣu lé itan, wọ́n sì lọ. Moyọ̀sọ́rẹ dúró síbẹ̀ títí ìró alùpùpù náà fi pòórá.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nínú kíláàsì. Ó ń lu páànù òrùlé débi pé tíṣà pàápàá dákẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ kò lè kọ nǹkan kan. Ó ń ro ọ̀nà Kaboua, bí ẹrẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yọ̀, ó ń ro orúnkún bàbá àti àgbàlagbà tó ń kan ilẹ̀kùn kiri tó ń béèrè ẹni tí kò sí.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ́sàn-án, ó fa Souleymane sábẹ́ òrùlé ilé ìtajà kan, ó sì sọ fún un pé bàbá ti lọ sí Kaboua. Ọmọkùnrin náà fa fóònù yọ.

"Kò le. Màá pè é pẹ̀lú ohùn bàbá yẹn. Màá ní mo ti lọ sí Cotonou lọ́dọ̀ ọmọ mi, kó máa padà bọ̀ nílé. Á kúrò nínú òjò, kò sì ní mọ nǹkan kan."

Ó dùn-ún gbọ́ létí, n ò ní parọ́ fún yín. Ohun tó máa mú bàbá kúrò nínú òjò ni. Moyọ̀sọ́rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó pè é. Nígbà náà ló rántí ojú tó ń dán lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀.

"Rárá," ó ní. "Bí o bá sọ pé Cotonou, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wàá rí i tó máa wọ ọkọ̀ lọ sí Cotonou. O ò mọ bàbá yẹn. Gbé fóònù wá, èmi ni mo máa bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn ara mi."

Ó pè, kò wọlé. Ó tún pè, kò wọlé. Souleymane ní ebi ń pa òun, ó sì lọ sílé wọn. Moyọ̀sọ́rẹ kò lọ sílé, kò sì padà sí kíláàsì. Ó lọ dúró ní oríta tí àwọn alùpùpù ọ̀nà Kaboua máa ń gbà wọ ìlú, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí Mésié Pierre dé. Bùbá funfun ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ọlọ́kadà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀, nítorí orúnkún náà ti wú. Àpò iṣu ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Moyọ̀sọ́rẹ, kí lò ń ṣe nínú òjò?" ó ní. Kò tiẹ̀ dúró gbọ́ èsì. "Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Kaboua o. Mo dé ilé baálé, mo dé ọ̀nà oko. Tolúlàṣẹ kan wà níbẹ̀, ọmọdé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni. Wọ́n ṣe mí dáadáa, wọ́n ní bóyá abúlé Ofè ni mo gbọ́ tí mo pè é ní Kaboua. Bí orúnkún yìí bá fi lè sàn díẹ̀, ọ̀la ni mò ń lọ Ofè."

Moyọ̀sọ́rẹ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ má lọ Ofè, Mésié. Kò sí Bàbá Tolúlàṣẹ kankan. Souleymane ló pè. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kó pè. Ẹnikẹ́ni ò pè lánàá."

Ọlọ́kadà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ń wo àpò iṣu náà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò jágbe mọ́ ọn, ì bá sàn kó jágbe.

"Ohun tí ìwọ fúnra rẹ máa ń sọ nílé mi ńkọ́? Ibi tí o ní ká tún gbọ́. Ṣé irọ́ náà ni, kí n lè máa kọ́ ọ ní Faransé?"

"Òótọ́ ni, Mésié. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, òótọ́ ni."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Moyọ̀sọ́rẹ ju ìgbájú lọ. Ìyìn òtítọ́ kan ṣoṣo tí bàbá ní, òun ló fi irọ́ bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó fẹsẹ̀ rìn tààrà lọ bá Tàǹtí Aurélie, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá rédíò gbọ́ ọ tán kó tó dáhùn.

"Ẹyin lohùn, Moyọ̀sọ́rẹ. Àwọn èèyàn tó ń gbọ́ wa gba ohun tí a bá sọ gbọ́, kò sí nǹkan mìíràn tí a ní. Ètò náà ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ lẹ máa ṣe é kẹ́yìn, ìwọ lo sì máa sọ òótọ́ fún ìlú."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn Mésié Pierre wà ní títì. Moyọ̀sọ́rẹ á kan án, á kí i láti ìta, kò ní gbọ́ èsì. Kò lè sùn dáadáa. Oúnjẹ kò wù ú.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Souleymane jókòó tì í, kò sín ẹnikẹ́ni jẹ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀kùn ṣí, Mésié Pierre wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó fa àga kan, ó jókòó.

"Orin mi ni," ó ní. "Mo wá gbọ́ ohun tí o máa sọ nípa rẹ̀."

Moyọ̀sọ́rẹ sọ ọ́. Ó sọ pé kò sí Bàbá Tolúlàṣẹ, pé irọ́ àwọn ló gbé àgbàlagbà kan lọ sínú òjò. Souleymane náà tọrọ àforíjì pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà Moyọ̀sọ́rẹ ní, "Èmi fẹ́ràn orin yìí. N ò lè fipá mú yín gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín." Ó sì fi orin náà sí i.

Piáánò wọlé jẹ́jẹ́, ìgbálẹ̀ ń gbá ojú ìlù. Tẹlifóònù kò dún. Orin dé ibi tí gìtá ńlá náà ti dá wà, bàbá di ojú. Tẹlifóònù kò dún. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lókè òkun pàtẹ́wọ́, orin parí, Moyọ̀sọ́rẹ sì na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ.

Tẹlifóònù dún. Obìnrin kan ni, àwọn ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Moufidatou ni mí, láti Sakin. Mo gbọ́ ẹjọ́ tí ẹ rò. Orin yín yẹn, n ò fẹ́ràn rẹ̀ o, kò ṣeé jó. Àmọ́ ibì kan wà tí nǹkan kan ń dún nísàlẹ̀, tí àwọn tó kù dákẹ́ fún un. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn? Ẹ tún ibẹ̀ gbé sí i fún mi."

Mésié Pierre la ojú. Ó wo Moyọ̀sọ́rẹ, ó pẹ́ tó fi wò ó.

"Ibẹ̀ náà ni," ó ní jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá tọ́ ọ lẹ́sẹ̀. "Béèrè ọ̀nà ilé wọn."

Tàǹtí Aurélie kò dá ètò náà padà fún wọn, àwọn mìíràn ló ń ṣe é báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ilé-ìwé tó wọlé, alùpùpù méjì ló gbé bàbá àti Moyọ̀sọ́rẹ gba ọ̀nà Sakin lọ láti kí obìnrin náà, Moyọ̀sọ́rẹ ló sì gbé àpò iṣu.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé irọ́ tó bá mú inú ènìyàn dùn kì í ṣe irọ́. Kí wọ́n lọ bi orúnkún Mésié Pierre. Ohun tí o bá fẹ́ràn lóòótọ́, fi ẹnu ara rẹ yìn ín, bí o tilẹ̀ jẹ́ ìwọ nìkan. Bí ẹnì kan bá máa bá ọ yìn ín, jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí a lè dé ilé rẹ̀, kí á kí i ní "ẹ kú àná", kó sì dá wa lóhùn.