Ilẹ̀kùn Ààrò Àjọni

"Bàbá, tiwa ti jinná! Ẹ jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Tìrẹ ti jinná, tiwa ò tíì jinná," ni Bàbá Aláàrò, tó ń bójú tó ààrò náà, dá a lóhùn. "Wọn ò kúkú purọ́ mọ́ ọ tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Kíákíá."

Títí dòní, bí òórùn búrẹ́dì gbígbóná bá ti kan Kíákíá nímú, ohùn bàbá yẹn ló máa ń rántí. Inú ilé búrẹ́dì náà ló dàgbà sí, láàárín ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú àti tábìlì gígùn tí àwọn ìyá ti ń fi ẹ̀rín po ìyẹ̀fun. Àárò ìgbà náà ṣì ń sọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè dá ààrò ńlá kọ́ nínú àwọn ìyá náà, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Wọ́n jọ kọ́ ọ, wọ́n sì jọ ń ra igi. Òfin kan ló le níbẹ̀: ilẹ̀kùn ààrò kì í ṣí àfi bí búrẹ́dì gbogbo wọn bá jinná.

Búrẹ́dì kéékèèké ni ìyá Kíákíá ń ṣe, ńláńlá ni tàwọn yòókù. Tiwọn ló máa ń kọ́kọ́ jinná, dídúró yìí sì ń bí ọmọ náà nínú.

Lọ́jọ́ kan, onísọ́ọ̀bù tuntun kan lẹ́bàá iléèwé Kíákíá sọ fún un pé, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé búrẹ́dì gbígbóná dé lọ́la ni n ó máa rà lọ́wọ́ rẹ̀."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, tí Bàbá Aláàrò jáde lọ la igi, Kíákíá fa ilẹ̀kùn ààrò. Ooru gbá a lójú. Ó kó tiwọn sínú agbọ̀n, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Onísọ́ọ̀bù wo inú agbọ̀n. "Èyí dáa. Ńláńlá ńkọ́? Àwọn oníbàárà mi ń fẹ́ méjèèjì." Kíákíá yíjú padà sọ́nà ilé búrẹ́dì.

Nígbà tó padà dé, ooru ti jáde tán nínú ààrò. Gbogbo búrẹ́dì ńlá ti wọlẹ̀ láàárín, wọ́n rí pẹlẹbẹ. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bí wọ́n bá yọ wá lẹ́gbẹ́, ààrò ta la ó lò? Kí ni n ó fi rán ọ níléèwé?"

Kíákíá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe màmá mi."

Bàbá Aláàrò bu búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, ó pín in kárí, ó fún Kíákíá náà. "A jọ ń jẹ èrè, a ó jọ jẹ àdánù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Láti òní lọ, Kíákíá ni yóò máa ṣọ́ ilẹ̀kùn."

"Háà! Ta ló ń fi ajá ṣọ́ ẹran?" ni ẹnìkan pariwo.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti rí ohun tí ìkánjú ń bà jẹ́," ni Bàbá Aláàrò fèsì.

Kò pẹ́ tí Kíákíá fi ń gbé ńlá àti kékeré lọ fún onísọ́ọ̀bù náà, lórúkọ ẹgbẹ́.

Bàbá Aláàrò ti papò dà tipẹ́. Ewú ti wà lórí Kíákíá, òun sì ni alága ẹgbẹ́ báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé ń jó lẹ́sẹ̀ kan níwájú ààrò: "Màmá, tèmi ti jinná o!"

Kíákíá rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi lé ròrò sí i lójú. Ó fọwọ́ lé ilẹ̀kùn.

"Tìrẹ ti jinná, ọmọ mi. Tiwa ò tíì jinná."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó dáa kéèyàn máa wá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti jọ dáná, ẹni tó bá ba tẹnìkejì jẹ́ nítorí tirẹ̀ ti ba tara rẹ̀ jẹ́.