Àwọn Eku Tó Mu Omi Lásán

"Ta ló ka àwọn eku tó mu omi lásán?"

Ohùn ọ̀gá yàrá ìwádìí náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Onígíláàsì, kò lọ sókè rárá. Ìyẹn gan-an ló ba Yárayára lẹ́rù. Bí obìnrin yẹn bá ń pariwo, inú rẹ̀ ló dùn.

Yárayára, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ń fi ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yọ́jú wo Bọ̀dá, àbúrò ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó mú un wá. Fèrèsé ṣí, fáànù ń fẹ́, síbẹ̀ Bọ̀dá ń làágùn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. "Ó ti rí mi," ni ọmọbìnrin náà ń rò. "Ó rí mi nígbà tí mo ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn."

Oògùn ikọ́ tuntun fún ọmọdé ni wọ́n ń dán wò, bóyá ó ń ba àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ọ̀wọ́ eku mẹ́ta ni wọ́n lò. Àwọn kan mu omi lásán, àwọn kan mu oògùn náà, àwọn ìyókù sì gba ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ojú ẹni tó ń kà á ríran. Yárayára ló ń bá Bọ̀dá wo ẹ̀jẹ̀ wọn lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tó ń ka sẹ́ẹ̀lì tó ní èérún, àmì pé àbùdá rẹ̀ ti bàjẹ́, nínú ẹgbẹ̀rún kan. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára gíláàsì ẹ̀jẹ̀. Kò gbọdọ̀ mọ eku tó ni èwo. Àmọ́ ó ti yọ ìwé àṣírí wò nínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tó kan àwọn eku olómi, ọrùn ti ń ro ó.

"Omi ni wọ́n mu! Kí lomi fẹ́ fi eku ṣe?" Ló bá ṣí ìwé èṣí, ó da nọ́ńbà ibẹ̀ kọ: méjì, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, mẹ́ta.

"Nọ́ńbà yìí bá ti èṣí mu rẹ́gí," ni Màmá Onígíláàsì wí. "Ṣé àwọn eku yìí lọ ṣèpàdé ni?" Ó kọjú sí Bọ̀dá. "Ìwọ tó ń làágùn, ìwọ lo dà á kọ, àbí? Ti oògùn jẹ́ mẹ́wàá, mọ́kànlá. Lọ́la ni mo fẹ́ kọ̀wé pé oògùn yìí burú. Tó bá jẹ́ irọ́ lo pa fún mi, kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ."

Lẹ́tà tí Yárayára máa fi wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì wà lórí tábìlì ọ̀gá, ó ku kó buwọ́ lù ú. Yárayára wo lẹ́tà, ó wo Bọ̀dá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni," ni Yárayára wí. "Mi ò kà wọ́n rárá."

Ọ̀gá ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ àpò. Ó lẹ nọ́ńbà tuntun mọ́ gbogbo gíláàsì. "Jókòó. Kà á níṣojú mi."

Wákàtí mẹ́ta! Nígbà tí wọ́n tú àṣírí nọ́ńbà, àwọn eku olómi ní mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá.

"Mẹ́wàá kẹ̀?" Ọ̀gá wá àga jókòó. "Láti ọdún méje tá a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, eku olómi kankan ò kọjá mẹ́rin rí. Olómi àti olóògùn wá rí bákan náà! Nǹkan mìíràn ló kọlu gbogbo wọn. Mi ò lè sọ pé oògùn yìí dára, mi ò sì lè sọ pé ó burú. Ó kù díẹ̀ kí n dá a lẹ́bi!"

Gbì! Bọ̀dá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀gá, ẹ forí jì mí! Mo rí aáyán."

"Aáyán?"

"Èyí tó ń fò, mà. Mo fín oògùn kòkòrò sí yàrá eku. Agolo méjì."

"Bọ̀dá!" ni Yárayára ké. "Mo rò pé ẹ rí mi ni!"

"Èmi kẹ̀? Ìwọ ni mo rò pé o rí mi!"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀gá, ó gbé e mì. "Eku tuntun, ìdánwò tuntun. Àti lẹ́tà yẹn, mi ò ní buwọ́ lù ú lọ́dún yìí."

Yárayára sunkún dọ́jọ́ kejì, ó sì padà wá kà. Ó ti wá yé e pé ohun tí a bá rò pé a ti mọ̀ gan-an ló yẹ ká wò dáadáa, torí àwọn eku olómi yẹn ni a fi ń dá ẹjọ́ àwọn tó kù. Irọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ló gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ rẹ̀.