Ẹsẹ̀ Bàtà, Ẹsẹ̀ Teèpù

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ìyá ọmọbìnrin kan fi ru bóòdù lẹ́yìn àwọn ọ̀gá ọkùnrin kí ẹnikẹ́ni tó gbé iṣẹ́ ilé kan lé òun nìkan lọ́wọ́. Bóòdù funfun tí wọ́n ń kàn mọ́ férémù láti fi pín yàrá ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn tí kò gbọ́ lórí rẹ̀. Kò sì sí èyí tó dá a padà. Nígbà tí ìyá àgbà kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún ní òun kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, kí wọ́n gé yàrá fún òun nínú pálọ̀ ìsàlẹ̀, obìnrin oníbóòdù yìí ló ránṣẹ́ sí. Oníbóòdù náà sì mú ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣe igbákejì.

"Ìwọ ni kí o wọn ògiri, kí o sì kọ iye bóòdù fún dírẹ́bà," ni ó wí. "Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ."

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago kan ọ̀sán kọjá. Aago mẹ́rin ni ìyá àgbà yóò ti ọsibítù dé. Ojú kan ògiri náà ti gba bóòdù mẹ́fà, ó pé. Ojú kejì gba márùn-ún, bóòdù sì tán. Níbi tó kù, wáyà iná rọ̀ létí bẹ́ẹ̀dì.

"Méjìlá ni ògiri yìí ń jẹ. Ojú mi kò lè tàn mí," ni ìyá wí. Ó yíjú sí dírẹ́bà tó kó ẹrù wá, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe ń wa ọkọ̀. "Bọ̀ọ̀dá Jẹ́jẹ́, níbo lẹ gbé bóòdù mi kan sí?"

"Màdáámù, mọ́kànlá ni mo kó!"

Ìyá ti pe oníṣọ́ọ̀bù tó ta bóòdù náà, ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Ohùn ọkùnrin náà dún ketekete látinú fóònù: "Bí ó bá ti tà á lọ́nà, kó má padà síbí mọ́. Kò sì sí òmíràn títí di ọjọ́ Ajé."

Òógùn bo Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òkè ilé ni teèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan wà lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń súfèé lẹ́nu géètì. "Ṣé o kò lẹ́sẹ̀ ni? Fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ká máa lọ!" Ó bá fi bàtà iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, gìgísẹ̀ kan ìka, títí dé ìparí ògiri. Ẹsẹ̀ méjìlélógún. Bóòdù kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ojú méjèèjì, mọ́kànlá. Ta ni yóò béèrè pé ẹsẹ̀ ta ni?

Ó lè dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ọ̀ràn náà yóò bá Jẹ́jẹ́ lọ.

"Màámi, ẹ má bá wọn wí. Mọ́kànlá ni mo kọ. Ẹsẹ̀ méjìlélógún ni mo kà."

Ìyá fa teèpù yọ, ó nà án. Mẹ́rìnlélógún. "Ẹsẹ̀ wo lo kà?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ẹsẹ̀ bàtà."

Bàtà náà fi íǹṣì kan péré gùn ju ẹsẹ̀ teèpù lọ.

"Háà!" ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe bàtà ọmọ ọwọ́ lo wọ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni ǹ bá kó wá!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu òógùn ojú rẹ̀.

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo aago.

"Bóòdù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nílé wa ńkọ́?" ni ọmọ náà béèrè.

"Èyí tí mo tọ́jú láti fi pín igun tí wàá ti máa kàwé? Ìdánwò rẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Òun náà ni, Màámi."

Jẹ́jẹ́ lọ gbé e wá, fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì rọra wakọ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, ìṣó tó kẹ́yìn wọlé. Ìyá àgbà dé, ó fi ọ̀pá kan ògiri, kó, kó, ó ní, "Ó dúró." Ó lọ sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ náà ń kàwé láàárín ariwo àwọn àbúrò rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹnu ẹlòmíràn ni ìkánjú tirẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyá rẹ̀ dúró tì í.

"Bóòdù ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ṣì gbà pé olè ni. Gbèsè orúkọ rere lo jẹ ẹ́. Lọ́la, ìwọ fúnra rẹ ni yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tí yóò dá orúkọ náà padà fún un, lójú ọ̀gá rẹ̀."